Ǹjẹ́ Ọlọ́jà Ní Àṣẹ Láti Kọ Oníbàárà Rẹ̀?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń lọ láti Ìkọ̀lé sí Ìdó, a jókòó nínú ọkọ̀ akérò ní gáréèjì, a sì ń retí kí ọkọ̀ náà kún. Èrò méjì péré ni ó kù. Bàbá kan dé, ó fi ọ̀pá méjì ti abíyá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọmọdébìnrin kan sì ru àpò rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó kí wa, ó béèrè iye owó ọkọ̀ dé Ìdó, nítorí pé ilé ìwòsàn ni ó ń lọ. Owó náà wà ní ọwọ́ rẹ̀, ó ti kà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò gbà á. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Bí mo bá gbé yín, ẹ̀yin àti ọ̀pá yín yóò gba àyè púpọ̀, a ó sì pẹ́ ní ojú ọ̀nà." Bàbá náà kò bá a jà. Ó dáhùn pé, "Kò burú, ọmọ mi," ó sì lọ jókòó sórí pákó kan lábẹ́ igi. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí èrò méjì mìíràn fi dé, ọkọ̀ wa sì gbéra.

Ọkọ̀ náà kún fún àwọn ènìyàn tí wọ́n ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Àwa pẹ̀lú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ní ọwọ́ wa, a kò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí a ti kọjá Ọ̀yẹ́ ni ọ̀kan nínú wa tó wí pé, "Ṣé ọkọ̀ rẹ̀ kọ́ ni? Ṣé ẹni tí ó ni ọkọ̀ kò lè yan ẹni tí yóò gbé ni?" Ìbéèrè yìí ni a fi jà láti ibẹ̀ dé Ìfàkì, òun náà ni a sì gbé wọ inú gbọ̀ngàn ìjíròrò kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Nítorí pé àkókò kò tó ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí àwọn olùkọ́ wa sì ní kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà dáradára, ni a ṣe kọ èyí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

Kí a má ṣe yára dá awakọ̀ náà lẹ́bi. Ẹni tí ó bá ti tajà rí, tàbí tí ìyá rẹ̀ ti tajà rí, mọ̀ pé ọlọ́jà ní ìdí púpọ̀ tí ó fi lè sọ pé òun kò tà. Ìyá aláàkàrà kì yóò ta àwìn fún ẹni tí kò tíì san gbèsè ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹlẹ́mu kì yóò bu ẹmu fún ẹni tí ó ti yó, tí ó ń wá ẹni tí yóò bá jà. Télọ̀ tí iṣẹ́ ọdún Kérésìmesì ti kún ọwọ́ rẹ̀ yóò dá aṣọ padà fún ẹni tí ó bá mú un wá ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá, kò sì sí ẹni tí yóò pè é ní ìkà. Olóògùn òyìnbó tí ó bá kọ̀ láti ta oògùn tí ó lè pani fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ọpẹ́ ni ó yẹ kí a dá fún un. Bí a bá gba àṣẹ àti-kọ̀ kúrò ní ọwọ́ ọlọ́jà pátápátá, ẹni tí ó wà ní ìdí ọjà náà kò ní yàtọ̀ sí ẹrú, nítorí ẹrú ni ẹni tí kò lè sọ pé rárá.

Nínú ọjà wa pàápàá, "n kò tà á bẹ́ẹ̀" kì í ṣe ìwọ̀sí. Apá kan nínú ìdúnàádúrà ni. Ẹni tí ń ra iṣu yóò dá iye kan, ẹni tí ń tà á yóò kọ̀, ẹni tí ń rà yóò yí ẹ̀yìn padà bí ẹni tí ó fẹ́ lọ, a ó sì pè é padà kí ó tó dé ìsọ̀ kejì. Iye owó ni a kọ̀ níbẹ̀, a kò kọ ènìyàn. Bí ó bá fi díẹ̀ kún owó rẹ̀, iṣu di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni bàbá abẹ́ igi yóò fi kún tirẹ̀? Ẹnì kan nínú wa dáhùn pé ó lè san owó èrò méjì. Ìdáhùn yìí kò burú, àmọ́ awakọ̀ kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ìbá ṣe pé ó béèrè, ìdúnàádúrà ni ìbá jẹ́, a ìbá sì wá máa jiyàn lórí bóyá ó tọ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá san ju ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lọ. Òun kò dá iye kankan; ó wo bàbá náà, ó sì ti pinnu.

Ó yẹ kí a rántí pẹ̀lú pé ọjà kì í ṣe ti ọlọ́jà nìkan. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, iwájú ààfin ni a máa ń tẹ́ ọjà sí, ọjà ọba ni a sì ń pè é títí di òní. Ọba ni ó ń ṣọ́ àlàáfíà rẹ̀. Àlejò tí ó ti ìlú mìíràn wá náà wà lábẹ́ ààbò yìí. Ẹni tí ó bá tẹ́ ìsọ̀ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ ti jẹ àǹfààní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: ojú ọ̀nà tí gbogbo ìlú yẹ̀, ìṣọ́ tí gbogbo ìlú ń ṣe, àti orúkọ rere ọjà náà tí ó ń fa àwọn èrò wá. Bákan náà ni awakọ̀ wa. Ọkọ̀ ni ó rà. Kò ra ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ìdó.

Ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ kí gbogbo ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1947, òṣìṣẹ́ kan dé sí Èkó láti Colonial Office, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe àkóso àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì láti Lọ́ńdọ́nù. Orúkọ rẹ̀ ni Ivor Cummings. Ìlú West Hartlepool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti bí i ní ọdún 1913. Dókítà ará Sierra Leone ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. A ti gba àyè sílẹ̀ fún un ní Bristol Hotel, ilé èrò tí àwọn òyìnbó ń dé sí ní Èkó nígbà náà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀ tí wọ́n rí àwọ̀ rẹ̀, àyè náà kò sí fún un mọ́.

Kí a ṣàkíyèsí ẹni tí ó jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń jọba lé gbogbo Nàìjíríà lórí ni. Kò sí iyèméjì pé owó yàrá rẹ̀ yóò pé. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà tàbí owó tàbí ipò ni a fi ń mọ oníbàárà tí ó yẹ, òun yẹ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n rí lára rẹ̀ tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, kò sì sí bí ó ti lè bọ́ ohun náà sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ìròyìn náà ta bí iná nínú ọyẹ́. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó gbé e, àwọn ènìyàn péjọ láti fi ẹ̀hónú hàn, àwọn ẹgbẹ́ NCNC àti Nigerian Youth Movement, tí wọn kì í sábà jẹun nínú àwo kan náà, sì pa ohùn pọ̀. Inú ti ń bí àwọn ènìyàn tipẹ́ nípa ilé ìwòsàn tí ó wà fún òyìnbó nìkan àti àdúgbò tí ó wà fún òyìnbó nìkan. Ọ̀rọ̀ ilé èrò yìí ni ó wá fọ́ ìkòkò náà. Gómìnà ìgbà náà ni Sir Arthur Richards, ẹni tí àwọn olóṣèlú wa ń bá jà nítorí ìwé òfin tí ó ṣe fún wa, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún náà gan-an. Síbẹ̀ òun náà rí i pé ọ̀ràn yìí kò ṣe é dákẹ́ sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1947 ó fi ìwé ránṣẹ́ káàkiri pé kí ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ara dópin. Ọ̀rọ̀ yàrá kan ní ilé èrò kan ni ó ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe.

(Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgbẹ̀yìn Cummings: ní oṣù kẹfà ọdún 1948, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush kó àwọn ará West Indies dé èbúté Tilbury, òun ni Colonial Office rán lọ pàdé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní ibi tí wọn yóò sùn. Ọkùnrin tí a lé kúrò ní ilé èrò Èkó ni ó wà lára àwọn tí ó ṣètò ibùsùn fún wọn ní abẹ́ ilẹ̀ ní Clapham.)

Ṣé òfin kan wà nígbà náà tí ó sọ pé onílé èrò kò gbọdọ̀ kọ àlejò? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wà, ó sì ti pẹ́ púpọ̀. Láti àtijọ́ ni àwọn adájọ́ wọn ti ń sọ pé ẹni tí ó bá ṣí ilé èrò sílẹ̀ fún àwọn arìnrìn-àjò gbọdọ̀ gba gbogbo arìnrìn-àjò tí ó bá dé, bí àyè bá wà, bí àlejò náà bá lè san owó, tí kò sì wá dá rúgúdù sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ní ayé ìgbà náà ilé èrò kan lè wà ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, òru lè ti ṣú, àwọn ọlọ́ṣà sì lè wà nínú igbó. Ẹni tí a bá tì síta níbẹ̀ lè kú. Gbogbo àwa tí a gbọ́ ìtàn Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní Ọjọ́ Ìsinmi mọ̀ bí ó ti rí kí aboyún dé ilé èrò kí a sì ní kò sí àyè.

Òfin àtijọ́ yìí ni Learie Constantine fi ja ìjà tirẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú ọ̀ràn Cummings. Ará Trinidad ni, eléré kíríkẹ́ẹ̀tì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àkókò ogun, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe olùtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti West Indies wá. Ní oṣù keje ọdún 1943 ó mú ìyàwó àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá sí Lọ́ńdọ́nù nítorí eré kan ní pápá Lord's. Ó ti gba yàrá fún òru mẹ́rin ní Imperial Hotel, ó ti san àsansílẹ̀ pọ́n-ùn méjì, ó sì ti béèrè bóyá àwọ̀ òun yóò fa ìjọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní rárá. Nígbà tí ó dé ni wọ́n sọ fún un pé òru kan ṣoṣo ni ó lè sùn, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ó wà nínú ilé náà kò ní fẹ́ ẹ. Ó gba ilé èrò mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ó pe ẹjọ́. Ní ọdún 1944 Adájọ́ Birkett dá a láre: onílé èrò ti rú òfin nígbà tí ó kọ arìnrìn-àjò láìní ìdí tí ó tọ́. Pọ́n-ùn 5 àti ṣílè 5 péré ni owó ìtánràn náà. Kò tó owó ẹṣin kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di ẹjọ́ tí a ń tọ́ka sí títí di òní.

Ẹ wo àwáwí ilé èrò yìí dáradára, nítorí pé òun ni a máa ń gbọ́ jù. Onílé kò sọ pé òun fúnra òun kórìíra ẹni náà. Ó ní, "Àwọn oníbàárà mi yòókù ni kò ní fẹ́. Wọn yóò sá fún mi, èmi yóò sì jẹ gbèsè." A kò sọ pé irọ́ ni. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbà á, ẹni tí ó korò jù nínú gbogbo àwọn oníbàárà ni yóò máa ṣe òfin fún ilé náà. Ohun tí ó sì yani lẹ́nu ni pé nígbà tí òfin bá di ti gbogbo ilé, àwáwí yìí á tán lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ibo ni àwọn asá yóò sá lọ?

Ní Amẹ́ríkà ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù. Òfin ọdún 1964 sọ pé ilé èrò, ilé oúnjẹ àti ilé eré kò gbọdọ̀ kọ ènìyàn nítorí ẹ̀yà, àwọ̀, ìsìn tàbí orílẹ̀-èdè tí ó ti wá. Onílé èrò kan ní Atlanta, tí ilé rẹ̀ ní yàrá 216, pe ìjọba lẹ́jọ́. Lára ohun tí ó sọ ni pé bí a bá fi agbára mú òun láti sin ẹni tí òun kò fẹ́, a ti sọ òun di ẹrú, òfin ilẹ̀ wọn sì ti fagi lé ẹrú níní. Nígbà tí a ka èyí, ojú ti ọ̀kan nínú wa díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ nínú ìjíròrò wa, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn adájọ́ náà kò gbà á, gbogbo wọn ni wọ́n sì fi ohùn kan sọ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1964. A fẹ́ kí a wo ìdí tí ọ̀rọ̀ ẹrú náà kò fi dúró. Ẹrú kò yan iṣẹ́ rẹ̀, kò gba owó rẹ̀, kò sì lè fi í sílẹ̀. Onílé èrò yan òwò rẹ̀, ó ń gba owó lórí rẹ̀, ó sì lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ní ọ̀la bí ó bá wù ú. Ohun tí òfin ní kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ó ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí ó sì wá tì í mọ́ ẹnì kan lójú nítorí awọ ara rẹ̀. Nítorí náà a yí ọ̀rọ̀ tí a kọ sókè yìí padà díẹ̀: ẹni tí kò lè sọ pé rárá sí ohunkóhun ni ẹrú, ẹni tí kò lè sọ pé rárá sí ohun kan kì í ṣe ẹrú.

Àmọ́ ìtàn kan wà tí ó ń ja ìjà fún apá kejì, àwa ọmọ àgbẹ̀ kòkó kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ní ọdún 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tí ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, United Africa Company sì wà nínú wọn, dá májẹ̀mú láàárín ara wọn kí wọ́n má baà máa fi owó díje. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, tí ó di Ghana ní ọdún 1957, mọ ohun tí èyí yóò ṣe fún iye owó kòkó wọn. Wọ́n kọ̀ láti tà. Láti ìparí ọdún 1937 títí dé oṣù kẹrin ọdún 1938, kòkó wà nílẹ̀ ní àwọn abúlé wọn, owó kò sì sí. Síbẹ̀ wọn kò tà, wọn kò sì ra ọjà àwọn ilé-iṣẹ́ náà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ìgbìmọ̀ Nowell wá wádìí ọ̀ràn náà, a sì dá májẹ̀mú àwọn oníṣòwò dúró. Bí òfin kan bá wà nígbà náà tí ó sọ pé ẹni tí ó ní ọjà gbọdọ̀ tà á fún ẹnikẹ́ni tí ó bá mú owó wá, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ni òfin náà ìbá dè, kì í ṣe ọwọ́ àwọn olówó.

Báwo wá ni a ṣe lè yin àgbẹ̀ tí ó kọ̀ láti tà, kí a sì bá onílé èrò tí ó kọ̀ láti gbà wí? Kò tó kí a sọ pé ọ̀kan jẹ́ aláìní, èkejì jẹ́ olówó, nítorí pé awakọ̀ wa náà kì í ṣe olówó. Ohun tí a rí ni èyí: kòkó náà kò ní ọ̀tá. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ náà bá dá owó tí ó tọ́, wọn ìbá rà á ní ọjọ́ náà gan-an. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ wà, ó sì wà ní ọwọ́ ẹni tí a kọ̀. Cummings kò ní ọ̀nà ìpadàbọ̀. Bàbá abẹ́ igi kò ní i.

Ọ̀ràn kẹta wà tí ó tún yàtọ̀ sí méjèèjì, òun ni èyí tí ó mú kí ìjíròrò wa pẹ́ di ìgbà tí agogo ìsùn lù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò ṣe olùkọ́ ní abúlé, a ó sì máa bá àwọn ènìyàn kọ lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá wá pé kí a bá òun kọ lẹ́tà tí ó kún fún irọ́ sí ọmọ òun ní Èkó, ǹjẹ́ a lè kọ̀? Gbogbo wa ni a ní bẹ́ẹ̀ni. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá wá ní ọ̀la pẹ̀lú lẹ́tà òtítọ́, a gbọdọ̀ kọ ọ́ fún un. Iṣẹ́ kan ni a kọ̀, a kò kọ ẹni tí ó mú un wá. Irú rẹ̀ ni ẹjọ́ kan tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní oṣù kẹwàá ọdún 2018. Ilé búrẹ́dì kan ní Belfast kọ̀ láti kọ ọ̀rọ̀ kan sára àkàrà òyìnbó, ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣètìlẹ́yìn fún ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin, nítorí pé ó lòdì sí ìgbàgbọ́ àwọn tí ó ni ilé náà. Ẹni tí ó fẹ́ rà á pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn adájọ́ náà ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kọ ni àwọn aláàkàrà náà kọ̀, kì í ṣe ẹni tí ó wá rà á. Wọn ìbá kọ̀ bí ẹlòmíràn ni ó mú un wá. Wọ́n sì fi kún un pé bí ó bá jẹ́ nítorí irú ẹni tí oníbàárà náà jẹ́ ni wọ́n fi kọ̀, wọn kò ní lè dá wọn láre. Nínú wa, ọ̀pọ̀ gba ìdájọ́ yìí. Díẹ̀ ní ó rọrùn fún ènìyàn láti fi iṣẹ́ bo ojú, kí ó máa kọ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ èyí rò pé àwọn méjèèjì ní òótọ́ nínú.

Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní ẹsẹ kejìlélógójì, kọ ìyàsọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú, ọkùnrin tàbí obìnrin, ìsìn àti èrò òṣèlú, ṣùgbọ́n òfin tí ìjọba ṣe àti ìgbésẹ̀ ìjọba ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Kò dojú kọ aláṣọ tí ó jókòó nínú ìsọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àwọn òfin mìíràn kún un. Òfin ìlera ti ọdún 2014 sọ pé oníwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin ọdún 2017 sọ pé kí ilé ìwòsàn gba ẹni tí ìbọn bà, ìbáà ní ìwé ọlọ́pàá tàbí kò ní. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó tuntun dà wá láàmú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí àwọn ọlọ́jà ń kọ náírà àtijọ́ àní lẹ́yìn tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé ó ṣì jẹ́ owó, òfin ilé ìfowópamọ́ àpapọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀ tí ó sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a kọ náírà. A kò dá àwọn ìyá wa lẹ́bi púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tí ó bá gba owó tí kò ní lè ná lọ́la ni yóò pàdánù, ìbẹ̀rù sì ni ó mú wọn ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àjọ ìjọba tí ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ti ilé ìtajà kan pa ní Àbújá, nítorí ẹ̀sùn pé àwọn ará Ṣáínà nìkan ni ó ń tajà fún, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọlé. Ọdún 77 ni ó wà láàárín ilé èrò Èkó àti ilé ìtajà Àbújá.

Ní ti bàbá wa, òfin tirẹ̀ náà wà. Òfin tí ó kọ ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ọ̀nà kankan. Ìtánràn ẹni tí ó bá rú u jẹ́ ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ti ilé-iṣẹ́ jẹ́ ₦1,000,000. A kò mọ ẹnì kan nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà tí ó gbọ́ nípa òfin yìí rí, àwa pẹ̀lú kò gbọ́. Awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Bàbá náà kò mọ̀ ọ́n. Òfin tí ẹni tí a ṣe é fún kò mọ̀, tí ẹni tí a ṣe é sí kò mọ̀, tí àwọn tí ó jókòó láàárín wọn kò sì mọ̀, kí ni ó lè ṣe ní gáréèjì ní aago méje òwúrọ̀?

Ibi tí a ti ń béèrè èyí yàtọ̀ sí Lọ́ńdọ́nù. Bí ọ̀kan bá kọ ènìyàn ní Èkó, ọgọ́rùn-ún mìíràn wà ní òpópónà kejì. Ní àríwá Èkìtì, láàárín àwọn òkè wa, abúlé wà tí ó jẹ́ pé ìsọ̀ kan ṣoṣo ni a ti ń ra kẹrosíìnì àti iyọ̀, ọkọ̀ kan ni ó sì ń wọ ibẹ̀ ní òwúrọ̀. Ẹni tí onísọ̀ yẹn bá kọ̀ yóò rin ìrìn máìlì púpọ̀ nítorí iyọ̀. Nítorí náà ni a ṣe rò pé bí ohun tí ènìyàn ń tà bá ṣe kòṣeémánìí tó, tí àwọn tí ń tà á bá sì ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ àti-kọ̀ rẹ̀ yẹ kí ó ṣe kéré tó. Oúnjẹ, oògùn, ibùsùn àlejò àti ọkọ̀ ni a fi sí iwájú. Ẹni tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lè ṣe fáàrí díẹ̀.

Nígbà tí a dìbò ní gbọ̀ngàn, mọ́kànlélógún ní kí a fi àṣẹ sílẹ̀ fún ọlọ́jà pátápátá, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ní kí ó má ṣe kọ ẹnikẹ́ni nítorí ohun tí ẹni náà kò lè yí padà. Olùkọ́ wa kan, tí ó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, wá bi wá pé, "Àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n yìí, mélòó nínú yín ni ó wà nínú ọkọ̀ ọjọ́ náà?" Àwa mẹ́ta nawọ́. Ó ní, "Ó dára. Àyè mẹ́ta ni ẹ jókòó sí. Ṣé kò sí ẹni tí ó rò pé òun lè sọ̀ kalẹ̀?"

A kò rí èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìjíròrò náà yóò tẹ̀síwájú ní ọjọ́ Ẹtì tí ó kẹ́yìn oṣù yìí. Ẹni tí ó bá ní ohun tí yóò sọ, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ kí ọjọ́ Ọjọ́rú tó kọjá.